Ebè Mọ́kànlá Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú àdágbé. Gbogbo wa la wà láàyè, ara wa sì yá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí àyà yín má baà já tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ ìjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló jà. Ó ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé ìdáná, ọ̀kan sì já lu Bàbá lọ́rùn ẹsẹ̀. Egungun ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa. Àgbàdo wa sùn sílẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Bàbá ní tí a ò bá gbé e nàró láàárín ọjọ́ méjì, kí á gbàgbé ìkórè ọdún yìí.

Màmá dúró ti òrùlé, èmi nìkan lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi ṣì bo ilẹ̀. Apá odò ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mò ń gbé àgbàdo dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kó yẹ̀pẹ̀ sí i nídìí, mo sì ń fẹsẹ̀ kì í. Ìgbà tí mo parí ebè kọkànlá ni Ọ̀gá Télọ̀, tí oko wọn bá tiwa pààlà, sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi: “Ọmọ yìí, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ lóko mi?”

Ìjì ti hú èèkàn ààlà lọ. Oko wọn ni mo ti ń tún ṣe láti àárọ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé láti ebè kẹta làwọn ti ń wò mí. Ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ààlà yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, Bàbá ò kí wọn, wọn ò kí Bàbá. Mo ní kí wọ́n má bínú. Oòrùn ti ń wọ̀, tiwa ò tíì dúró ẹyọ kan. Mo sunkún délé.

Mo rò pé Bàbá á bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí bóyá mo ki ìdí àgbàdo náà dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, kí ẹnì kan má lọ sọ pé ọmọ àwọn ò mọṣẹ́.

Nígbà tí mo dé oko láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Télọ̀ àti ìyàwó wọn ti gbé ebè mẹ́fà dìde nínú oko wa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì. Kò pẹ́ tí Bàbá fi tẹ̀pá dé. Wọ́n wo iṣẹ́ Ọ̀gá Télọ̀ títí, wọ́n ní, “Yẹ̀pẹ̀ ìdí eléyìí kéré.”

Ọ̀gá Télọ̀ ò gbójú sókè. “Jókòó, kí o kó sí i. Ọwọ́ kọ́ ni páànù bà.”

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń fọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀. Ìyàwó Télọ̀ kọ̀yìn sí wọn, èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbàdo wa ti nàró, àfi ìwọ̀nba tó ti ṣẹ́.

Ó wá ku èèkàn. Bàbá ní kí Ọ̀gá Télọ̀ kàn án síbi tó bá wù wọ́n. Ọ̀gá Télọ̀ ní rárá, kí Bàbá kàn án. Wọ́n fà á títí, Bàbá bá kọjú sí mi: èmi tí ojú mi kì í fo nǹkan, níbo gan-an ni ààlà wà? Omi ti fà nígbà náà, mo sì rí ihò èèkàn náà kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní mi ò mọ̀. Mo rọra gbẹ́sẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde yín àti ìwọlé yín, kí ó sì mú yín wá bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí àárò yín ń sọ.

Àfikún: Màmá ní ẹ yéé sọ pé ẹ̀ ń sùn dáadáa. Wọ́n ní ohùn yín lórí fóònù ti tú yín fó.