Ìfúnpá Ọjọ́ Àyẹ̀wò

Inísà, Ọjọ́bọ

“Àwa ti lè ṣírò àìsàn ọkàn ẹ̀dá ní ọdún mẹ́wàá kó tó dé.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àwọn oníwàádìí wí ní gbọ̀ngàn ìlú lónìí, bí ẹni tí Ọlọ́run fi ṣe akọ̀wé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló yà kí mi nílé nítorí Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, tí àwọn oníwàádìí náà ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ọkàn rẹ̀ sì ṣàdédé dúró lóṣù tó kọjá.

“Bàbá, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Kọ̀ǹpútà wa ò fi ewu kankan hàn fún màmá. Ó yà wá lẹ́nu.”

Kò yà mí lẹ́nu. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dé, èmi ni mo máa ń gbé iyọ̀ pamọ́, tí mo máa ń dúró tì í kó lo oògùn rẹ̀, bí àwa tíṣà ti máa ń kun ògiri ilé ìwé de alábẹ̀wò. “Tíṣà, ṣé mo ti pàásì?” ni Àbẹ̀kẹ́ yóò wí, yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á lọ, iyọ̀ á padà sínú ọbẹ̀, oògùn á padà sínú àpótí.

N kò lè sọ ọ́ fún ọ̀gá náà. Mo ní kó mu omi.

Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n bá Àbẹ̀kẹ́ bó ṣe máa ń wà lójoojúmọ́, ṣé ì bá ṣì wà níbí?