Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Àpótí Òsì Tó Ń Pariwo

Sí ìyàwó olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin:

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú tí kò tí ì tán nínú wa, ni Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Fọwọ́ Ara Wọn Kan Sípíkà fi ń bá yín kẹ́dùn ikú alágbà wa, tí gbogbo wa mọ̀ sí Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àwa ò gbẹ́ ère níbí. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ẹni tó bá olóògbé jà kẹ́yìn ni yóò kọ ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn rẹ̀, kí irọ́ má baà wọ inú ẹkún. Olóògbé fúnra rẹ̀ ló mú òfin yìí wá. Kò sí ibi tí kì í ti í ṣòfin.

Akọ̀wé wa, onígbàjámọ̀, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ pé ká wá ẹlòmíràn. Alága ní òfin ò mọ ẹni tí inú ń bí. Nítorí náà, ọwọ́ ọkùnrin tí olóògbé pè ní adití lójú gbogbo ẹgbẹ́, lójú àna akọ̀wé tó wà nínú ẹgbẹ́ pàápàá, ló kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

A ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Kó tó wá sáàárín wa, orin tó ń mi ògiri la fi ń dán sípíkà wò, a ó sì máa mi orí bí alángbá. Òun ló ní ká da aṣọ bo àpótí sípíkà méjèèjì, tòsì tọ̀tún, ká fi àwo orin ẹnì kan ṣoṣo tó ń dá kọrin láìsí ohun èlò sí i, kí olúkúlùkù wá sọ ohun tó gbọ́. Ó ní gbogbo èèyàn ló mọ bí ohùn èèyàn ṣe rí, kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi ìyẹn tàn jẹ. Òun náà ló ń ru àgékù pákó láti ilé ìlagi tó ti ń ṣiṣẹ́ wá fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò kọ́kọ́ bú ọ ná, kó tó gbé pákó fún ọ.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin yìí! Ó ní olórin inú àpótí alága ki orí bọ ìkòkò. Ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe ti nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, kí nọ́ọ̀sì tètè fún un lóògùn. Obìnrin náà ò wá sí ìjókòó mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ti akọ̀wé, ó ní ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Bí èèyàn bá sì fẹ́ fèsì, yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó gbóòórùn ohun tó ti bàjẹ́.

Àpótí tiẹ̀ ńkọ́? Pákó rẹ̀ dán, ìkànpọ̀ rẹ̀ ò ní àlà, ṣùgbọ́n òsì ń pariwo bí ẹni tó ń pe ọmọ láti òdìkejì odò, ọ̀tún sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí àlejò nílé aláìsàn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ, gbogbo wa la sọ ọ́. Ohun kan náà ló máa ń fi dá wa lóhùn: ẹ má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí akọ̀wé wá sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù pé òsì ti pọ̀ jù, olóògbé dìde.

"Adití ni ẹ́," ló wí. "Ìwọ tí ò ń di etí mú láàárọ̀ lálẹ́, o ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe."

Ẹ̀rín bo ilé. Àna akọ̀wé ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà, akọ̀wé àti olóògbé ò kí ara wọn mọ́, ikú sì bá a bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àbúrò olóògbé wá ránṣẹ́ pé gbọ̀ngàn kan fẹ́ gba àwọn àpótí náà, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wá rẹ òsì sílẹ̀ kó bá ọ̀tún dọ́gba, akọ̀wé ló kọ́kọ́ nawọ́. Ayọ̀ ló fi mú sípánà kúrò nílé. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ tú àpótí yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ àti ẹ̀yin àbúrò kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìyá yín ti fún wa láṣẹ pé ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ló ṣílẹ̀kùn fún akọ̀wé. Wọn ò kí i káàbọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, òun náà ò retí rẹ̀. Àga kan ló dojú kọ àwọn àpótí náà, apá rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ń sinmi lé e. Àpótí ìjókòó kékeré kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Akọ̀wé kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí òsì, ó tú nọ́ọ̀tì kìn-ín-ní, ìyá sì ní kó dúró ná.

"Lọ jókòó sórí àga rẹ̀," ni wọ́n wí. "Fi ìka dí etí òsì rẹ."

Akọ̀wé rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe wọ́n, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí torí pé opó ni wọ́n. Wọ́n fi àwo orin náà sí i. Ariwo òsì rọ̀ wálẹ̀, ó bá ti ọ̀tún dọ́gba gẹ́lẹ́, obìnrin tó ń kọrin sì rí bí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn. Ó yọ ìka, ariwo padà dé. Ó tún fi ìka dí i.

"Ẹ̀rọ ìlagi ló jẹ etí yẹn," ni ìyá wí. "Apá òsì rẹ̀ ló máa ń wà. Èmi nìkan ló sọ fún, ó sì ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kan."

Wọ́n wá jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Akọ̀wé ò sunkún. Inú bí i gan-an ni. Ẹni tó ní etí kan ló ń dájọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí, òun náà ló tún ń pe ẹlòmíràn ní adití! Kí wọ́n tó jà, akọ̀wé ti gẹ orí yẹn láìmọye ìgbà, ó ti di etí òsì yẹn mú, ó ti bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èsì, ó sì kà á sí ìgbéraga. Ojú tí olóògbé sì ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí gbogbo wa ń bínú sí, etí tó kù ló ń gbé fún wa. Akọ̀wé mú sípánà, ó dé nọ́ọ̀tì náà padà.

Ìpinnu ẹgbẹ́ nìyí. A ti fagi lé ìdájọ́ tí a ṣe lórí àwọn àpótí náà. Ẹ̀yin àbúrò, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí gbọ̀ngàn náà dúró dè wá. A ó kan òmíràn fún wọn, pákó wa ni, akọ̀wé ni yóò sì kàn án. Àwọn tí olóògbé kàn kò gbọdọ̀ kúrò níwájú àga yẹn. Ṣùgbọ́n a ò tí ì gbàgbé ọ̀rọ̀ adití tó sọ yẹn o. Inú ṣì ń bí akọ̀wé, inú sì ń bí gbogbo wa, nítorí pé olóògbé ì bá ti sọ fún wa. Kì í ṣe nǹkan ńlá là bá ṣe. Àga rẹ̀ ní ìjókòó ẹgbẹ́ là bá kàn yí, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí wa.

Ọlọ́run tó mọ apá tí olúkúlùkù ti ń gbọ́rọ̀, kí ó wá jókòó sí apá yẹn lọ́dọ̀ yín, kí ó bá yín sọ̀rọ̀ ìtùnú níbẹ̀, kí àpótí ìjókòó kékeré náà má sì ṣófo. Àmín.

Akọ̀wé, onígbàjámọ̀,
lórúkọ ẹgbẹ́