Àká Kan fún Kọ̀ǹpútà Mọ́kànlá

Angondjé, Libreville,
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Gbọ́lágadé,

Mo kí yín o, ẹ̀yin àti ará ilé. Mo nígbàgbọ́ pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀. Ara tèmi le, àmọ́ ó rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe èyí tí oorun lè wò sàn.

Ẹ rántí àká tí ẹ kọ́ mi láti ṣe: kọ̀ǹpútà kan á kó àwọn ètò Linux tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ jọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn mọ́kànlá tó kù á wá máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣe é nílé ẹ̀kọ́ wa, ó sì dára. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ́ ò dí iṣẹ́ wa lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ ní kí n máa tẹ òǹtẹ̀ mi sí i nígbàkígbà tí mo bá fi nǹkan kún un, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá. Ó sú mi. Mo ní kí gbogbo kọ̀ǹpútà máa gbà láìwo òǹtẹ̀. Gaston, ọmọ ilẹ̀ yìí tá a jọ ń ṣiṣẹ́, nìkan ló kọ̀: "Madame Kẹ́mi, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà tèmi á ṣì máa wò ó." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Gaston, ṣé aṣọ́bodè ni ẹ́ ni?"

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ètò kan tí kò bá irú Linux wa mu sínú àká láìtẹ òǹtẹ̀ sí i. Kó tó di ọ̀sán, ojú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ti dúdú. Ti Gaston nìkan ló ń ṣiṣẹ́, torí kò gba ohun tí kò ní òǹtẹ̀. Ọ̀gá wa, Madame Peggy, wò ó títí. "Kí ló dé tó jẹ́ tìẹ nìkan ni nǹkan ò ṣe?" Ó ní kó lọ jókòó sílé.

Èmi dákẹ́. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ìgboyà, Ẹ̀gbọ́n. N ò mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wọlé sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tún wọn ṣe, tí wọ́n ń yìn mí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jẹ́wọ́. Madame Peggy ò pariwo. Ó ní kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ pe Gaston wá. Gaston gbọ́ mi tán, ó ní: "Mo mọ̀. Mò ń wò ó bóyá ẹ máa sọ ọ́ ni."

Ṣé ó ti dárí jì mí? N ò mọ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ara líle àti ọkàn tó fúyẹ́ ju tèmi lọ.

Àbúrò yín,
Olúwaṣìkẹ́mi

Mo gbàgbé: lánàá, mo pa àṣẹ gbígbà láìwo òǹtẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sọ fún Gaston pé ó ti parí. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì jókòó sídìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó fúnra rẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo dúró dè é títí ó fi wo èyí tó kẹ́yìn.