Ogójì Wákàtí: Kí Lọ́mọ Náà Ṣẹ̀?

Àkọ́bí mi lóbìnrin,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Adìẹ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ kó tó kú ti pamọ mẹ́sàn-án, àṣá sì ti gbé méjì.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú báírò nìyí. Lẹ́tà ọmọ rẹ, Ìyá Kékeré tó fojú jọ ìyá mi, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, tòun ti fọ́tò. Mo wò ó, mo tún un wò. Ẹ ò sọ fún mi pé ọmọ náà ti dé kóòtù! Má purọ́ fún mi o. Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbálẹ̀ kóòtù, mo mọ ohun tí mò ń wí. Bí adájọ́ bá ní kí èèyàn lọ fi ogójì wákàtí ro oko ìjọba, wọ́n á fún un níwèé, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á máa buwọ́ lù ú, kò sì ní gbowó. Ìyá Kékeré fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti ṣe ogójì wákàtí, pé wọ́n ń buwọ́ lùwé òun, pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fóun. Kí ló kù? Ó ní òun lòun bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é. Gbogbo wọn náà kúkú máa ń bẹ̀bẹ̀.

Nínú fọ́tò, ọ̀gá ilé-ìwé di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin kó má bàa sá. Wọ́n so nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lọ́rùn, bí wọ́n ṣe máa ń so nọ́ńbà mọ́ ẹrù olè. Wọ́n tún lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ìwé. Ẹ gbà mí! Ògiri àgọ́ ọlọ́pàá nìkan ni mo ti rí irú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń wá sì ni. Mo fi han káfíńtà ìtòsí wa, ó ní ó jọ ẹ̀bùn fún iṣẹ́ rere lójú òun. Káfíńtà! Ẹni tí kò dé kóòtù rí, àfi ìgbà tó wá kan àga.

Ó tún ní òun ti wọ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ iyàn jíjà lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ilé-ìwé. Mo ní ẹn-ẹ́n, ó ń múra ẹjọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ iyàn lásán ni, ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló ti yẹ kó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo wá tún lẹ́tà náà kà lẹ́ẹ̀kẹta, kí n lè mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n dá fún un. Ilé àwọn arúgbó ni. Ní Sátidé, á kàwé ìròyìn fún wọn, á gé èékánná wọn. Ó ní bàbá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, tó máa ń jókòó sójú fèrèsé látàárọ̀, tó bá ti rí òun, á rẹ́rìn-ín. Mo ká lẹ́tà náà, n ò lè jẹun mọ́.

Ọmọ mi, inú ń bí mi. Ọdún mẹ́ta rèé tẹ́ ẹ ti wá kẹ́yìn. Èmi náà ní fèrèsé. Ìyá rẹ ló ń bá mi gé èékánná ẹsẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọwọ́ mi ò tó o mọ́. Bó bá jẹ́ ìjìyà ni, bẹ adájọ́ kó fi díẹ̀ kún un, kó wá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi. Bí kì í bá ṣe ìjìyà, kó ṣáà wá. Fowó báírò tuntun ránṣẹ́, èyí ti ń gbẹ, nítorí gbogbo wákàtí tó bá lò níbí ni màá buwọ́ lù.

Olúwa á dá ọ sí, wàá darúgbó, ọmọ tìrẹ ò sì ní gbàgbé ojú fèrèsé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.