Oògùn Tí Gbogbo Ulé Bá Mi Gbé Mì

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Oṣù Kẹta, 1956.

Ọmọlará ọmọ mi,

Kí ara rẹ le bí òkè Olósùnta, kí Ìbàdàn má gbé ọ mì. Gbogbo ulé ń kí ọ. Bàbá rẹ wà, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, èmi nìkan ni ara mi kò yá.

Bí mo bá fẹ́ tọ̀, ìtọ̀ á máa ta mí bí ẹni fi ata gígún sí i, á kán tó, á dúró, kí n tó ró aṣọ mi tán á tún ní òun ń bọ̀. Lójúmọ́ kan mo lọ sẹ́yìnkùlé nígbà igba, àní koríko ibẹ̀ ti kú tán.

Mo bá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, dísípẹ́nsà tó ń fún wa lóògùn. Ó ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló wọ ibi tí ìtọ̀ ń gbé lára mi, pé mo máa ń mú ìtọ̀ mọ́ra jù. Bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé iwájú ni mo ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò dìde kí ìwàásù tó parí? Ó ní bí mo bá tọ̀ tán, kí n máa nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí n sì máa mu omi gidi. Èyí ló da orí mi rú, ẹni tí òjò ń pa, ó ní kí n lọ bọ́ sódò.

Ó wá fún mi ní hóró oògùn tí n ó fi ọjọ́ méje lò, ó ní n kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kù, bí ara tilẹ̀ yá. Mo gbé e délé. Bàbá rẹ àti Yèyé Ajíbọ́lá tí ó ń bá wa gbé jókòó, wọ́n ń wo ẹnu mi. Èmi tí n kì í dá iṣu sísun jẹ, ṣé n ó wá dá oògùn òyìnbó jẹ ni? Mo pín in. Bàbá rẹ gba púpọ̀ nítorí òun ni olórí ulé. Kí oòrùn tó wọ̀, a kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

Ohun tí kò yé mi nìyí: ara wọn ń dán, èmi ni ìtọ̀ ṣì ń ta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ibà dé, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, mo padà lọ. Mo ròyìn bí mo ṣe pín oògùn náà, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá wá bi mí pé ṣé gbogbo wọn ló ń bá mi tọ̀ ni. Ó ní àrùn náà ti ń gòkè lọ sí kíndìnrín, pé bí n kò bá lo ti ẹ̀ẹ̀kejì tí òun tún fún mi yìí pé, ọsibítù Adó ni wọn ó gbé mi lọ.

Mo ń gbé e mì lẹ́yìn ìkòkò omi báyìí bí olè, ojú ń tì mí, Yèyé Ajíbọ́lá sì ti ń fimú fínlẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ṣílè díẹ̀ rán dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá, kí n fi ra búrẹ́dì tí n ó máa pín fún wọn nígbà tí mo bá ń lo tèmi. Tètè, ọjọ́ méje kò jìnnà.

Ìwọ náà má mú ìtọ̀ mọ́ra lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí o ń bá ṣiṣẹ́ yẹn. Olúwa yóò ṣọ́ ọ, ohun tó bá jẹ́ tìrẹ nìkan kò ní di ti gbogbo ulé.

Èmi ni ìyá rẹ tó mu omi títí ó fi ń yọ lẹ́tí,
Yèyé Ọmọlará.