Igi Ápù Tí Ò Lọ́kọ Nítòsí

Àìkú, 19 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti fi àáké dẹ́rù ba igi mi lónìí. Bí igi kan bá kọ̀ tí kò so, báyìí la ṣe ń ṣe é: ẹnì kan á gbé àáké sókè bí ẹni tó fẹ́ gé e, ẹnì kejì á máa bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọ̀gágun ló gbé àáké. Ìyá ọkọ mi ni o. Níwájú rẹ̀, "Ìyá" ni mò ń pè é, orí mi á sì wà nílẹ̀. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gágun ni. Guljahon tó múlé gbè wá ló ń bẹ̀bẹ̀ — òun ni mò ń pè ní Rédíò, ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo abúlé á ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e! Ó máa so lọ́dún yìí, mo dúró fún un!"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ọdún kẹrin rèé tó ti wọlé yìí. Ó ń jẹ, ó ń mu, kò so nǹkan kan."

Igi ló ń bá wí. Èmi ló ń wò.

Ilé bàbá mi ni mo ti gbé igi yẹn wá nígbà tí mo ń bọ̀ nílé ọkọ. Kò ga ju èjìká mi lọ nígbà náà. A jọ wọlé ni, a sì jọ ń gba èébú. Lọ́dọọdún ló ń yọ òdòdó, òdòdó á funfun báláú lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà á rẹ̀ dànù.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ìyá, igi ápù kan ṣoṣo kì í dá so. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹnìkejì rẹ̀ wà nítòsí."

Rédíò fi ìborí di ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ta ni kò mọ̀? Shodmon ọkọ mi ń bẹ ní Rọ́ṣíà, ó ń bá wọn kọ́lé, ọdún kẹta rèé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wálé, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àárín àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ ló sì sùn títí tó fi padà.

Ọ̀gágun gbé àáké sílẹ̀. Ó ní kò burú. Bí igi yìí ò bá so lọ́dún yìí, òun á gé e ní tòótọ́, èmi náà á sì di ẹrù mi, màá padà sílé bùrọ̀dá mi.

Ó dáa. Àmọ́ bí mo bá máa lọ, mi ò ní lọ bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ajé, 20 Oṣù Kẹta

Mo kó ìgbẹ́ màlúù sídìí igi mi. Ọ̀gágun ń wò mí lójú fèrèsé. Mo wò ó padà.

Ẹtì, 14 Oṣù Kẹrin

Ó ti là! Gbogbo ẹ̀ka ló yọ òdòdó.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, máa ń sọ pé ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ápù kì í fẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó igi mìíràn ló gbọ́dọ̀ bà á kó tó lè so, oyin ló sì máa ń ṣe alárinà. Nínú abúlé yìí, igi máábẹ́rì àti àpíríkọ́ọ̀tì lo máa rí. Ápù kankan ò sí, àfi àwọn tí wọ́n pa tì lápá ìsàlẹ̀ odò, ó sì jìn ju ibi tí oyin lè fò dé.

Oyin ò lè lọ. Èmi lẹ́sẹ̀.

Mo lọ láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mo gé ẹ̀ka tó kún fún òdòdó, mo fi ìborí tútù wé wọn, mo gbé wọn mọ́ra bí ọmọ tuntun. Mo pọn omi sí korobá, mo ki àwọn ẹ̀ka náà bọ̀ ọ́, mo fi okùn so korobá náà rọ̀ sáàárín igi mi. Méjì ni korobá. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí Ọ̀gágun fi ń fún wàrà ni.

Ọ̀gágun jáde. "Kí nìyẹn?"

"Ọkọ ni, Ìyá."

Kò yẹ kí n sọ ọ́. Inú mi dùn pé mo sọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹrin

Rédíò ti ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ làwọn obìnrin ti ń wá tọrọ iyọ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ kọ́ ni wọ́n wá wò. "Adolat, ọkọ ìyàwó dà?" "Ṣé ó ti san owó orí?" Mo bu tíì fún wọn. Mo ní kí ẹni tó bá wù wá gba korobá tirẹ̀ lọ sílé, torí èwo nínú wọn ni ọkọ rẹ̀ ò sí ní Rọ́ṣíà? Ha! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹrin

Shodmon pè. Ọ̀rọ̀ korobá ti dé Rọ́ṣíà! Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi òun pé irú ọkùnrin wo ni igi ń gba ipò rẹ̀. Ó ní kí n já korobá náà sílẹ̀ lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Kò sí obìnrin tí ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ọkọ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò lọ́kọ mọ́.

Mo wọ ilé màlúù lọ, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún, irọ́ kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo pààrọ̀ omi inú korobá.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹrin

Oyin! Látinú korobá sórí igi, látorí igi sínú korobá. Mi ò ṣiṣẹ́ kankan lónìí.

Àìkú, 7 Oṣù Karùn-ún

Ó so. Wọn ò tíì tó ẹ̀wà, ewéko ni àwọ̀ wọn, irun tín-ín-rín wà lára wọn. Ọ̀gágun fi awò sójú, ó wò ó títí.

"Bí wọ́n bá wá rẹ̀ dànù ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá wá dúró ńkọ́?"

Ó wọlé lọ.

Ẹtì, 12 Oṣù Karùn-ún

Ó sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gágun ló ní kí n gbóhùn fóònù náà sókè, torí ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ — ó gbọ́ ọ. Fóònù ń já díẹ̀díẹ̀, Shodmon tún bi mí pé, "Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kí òun náà gbọ́ pé igi náà ti so.

Lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ kékeré kan ń ké, "Pápà! Pápà!" Ohùn obìnrin kan sì ń pa á lẹ́nu mọ́.

Fóònù já. Ọ̀gágun ò wò mí. Ó fọwọ́ di ògiri mú, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Karùn-ún

Mo di ẹrù mi. Mo tún tú u.

Ẹtì, 19 Oṣù Karùn-ún

Bùrọ̀dá mi gbé mọ́tò wá láti wá kó mi. Mo sọ fún un pé mi ò lọ. Igi mi wà níbí, oyún sì wà nínú rẹ̀, ta ló ń gbé aboyún rìnrìn àjò?

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, ilé ta ló fẹ́ máa gbé?"

"Ibi tí mo gbin nǹkan sí."

Ọ̀gágun bá jáde. Mo ní ó parí, ẹrù mi ló fẹ́ jù síta yìí. Ó kọjú sí bùrọ̀dá mi.

"Ta ló nilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ṣé èmi ni mo kọ̀ ọ́?"

Bùrọ̀dá ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹni tó kọ̀ ọ́, Rọ́ṣíà ló ń gbé. Kó lé e jáde níbẹ̀. Wọlé wá mu tíì, kó o tó máa lọ." Ó wá yíjú sí mi. "Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn rẹ o."

Mo ní èmi náà ò bi í.

Mi ò dúpẹ́. Ó ti fi ẹnu gún mi lára fún ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ò lè wo gbogbo ẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Keje

Àkọ́kọ́ pọ́n lónìí. Mo já a fúnra mi.

Ọ̀gágun wà lórí pẹpẹ lábẹ́ igi, ibi tí a ti ń mu tíì. Nínú ilé yìí, àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ àkọ́so wò, bó ti wà láti ìgbà ìyá ìyá wọn nìyẹn. Kò tiẹ̀ wò mí, ó kàn na ọwọ́.

Mo jókòó tì í. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tèmi. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi, mi ò sì kánjú. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó gbé tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó na ọwọ́ síbẹ̀, ó ń dúró dè mí.