Ẹni Tó Ni Àga Má-mì: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Jeremáyà Ọ̀ṣúndáre Èṣùbíyì (1896–1958)

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá bá wa dárò, a kí yín, ẹ kú ẹsẹ̀. Ìwé yìí ìbá kúrú, nítorí ẹni tí a fẹ́ sin kì í ṣe aláròyé. Ṣùgbọ́n wọ́n pa irọ́ mọ́ Bàbá wa nígbà ayé wọn, a ò sì ní jẹ́ kí irọ́ náà bá wọn wọ sàréè.

Ní ọdún 1896, ọdún kejì tí àwọn ará Ifẹ̀ padà sílé lẹ́yìn ogun, ni a bí Jeremáyà Ọ̀ṣúndáre ní Òkè-Ogbó, nílé Èṣùbíyì gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìyá wọn ni Efúnwùmí, ọmọ Ìlódè, tó ń ta epo. Kí Èṣùbíyì tó kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń di ayùn mú ló ti kọ́ ọ ní òfin kan tí gbogbo Ifẹ̀ mọ̀: a kì í kọ orúkọ sára ohun tí èèyàn ń jókòó lé. Ilẹ̀kùn lè gba orúkọ, àpótí aṣọ náà lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ tirẹ̀ sára àga ti ní kí gbogbo ayé wá fi ìdí lé òun àti bàbá òun lórí. Bàbá wa pa òfin yìí mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọdún 1906 ni wọ́n wọ iléèwé ìjọ, wọ́n sì ka ìwé dé kíláàsì kẹrin. Ní 1912, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọ̀gá Dúrósinmí, wọ́n sì gba òmìnira lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Wọ́n ṣe ìrìbọmi ní 1919. Ní 1923, nígbà tí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ṣì gbóná lẹ́nu, Bàbá wa lọ fẹ́ Àníkẹ́, ọmọ Modákẹ́kẹ́. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n wá ìyàwó sílé. Bàbá wa dá wọn lóhùn pé àwọn kò fẹ́ ìlú, Àníkẹ́ làwọn fẹ́.

Iṣẹ́ wọn fún àdúgbò kò lóǹkà. Láti 1931, kò sí òbí kan ní Òkè-Ogbó tó fowó ra pósí ọmọ kékeré. Bàbá wa ló ń kàn án, wọn kì í sì í fẹ́ kí a dúpẹ́.

Ọdún 1951 ni wọ́n ṣe àga náà. Ìyá ìyàwó wọn, Ìyá Yéjídé, ní ìrora ìbàdí, ilẹ̀ ilé wọn ní Modákẹ́kẹ́ sì jẹ́ ilẹ̀ alámọ̀ tó ga níhìn-ín, tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a gbé síbẹ̀ ló ń mì, ọ̀kan tilẹ̀ da Ìyá sílẹ̀. Bàbá wa da iyanrìn tútù sínú àpótí, wọ́n bẹ Ìyá kí wọ́n jókòó sí i, wọ́n sì fi okùn díwọ̀n gbogbo ibi tí ìdí àti itan tẹ̀ sí. Bí iyanrìn ṣe tẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbẹ́ pákó ìrókò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi sí i, méjì lẹ́yìn, ẹyọ kan níwájú, nítorí pé ẹni tó jókòó ti fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì ran iwájú lọ́wọ́. Àwọn àgbà ṣáà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Wọn ò ṣe ìgbápálé sí i, kí aṣọ má baà há. Ìyá Yéjídé jókòó, wọ́n gbọn ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún láti dán an wò, àga kò mira. Ìyá fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Má-mì. Kí ọdún 1952 tó parí, àwọn oníṣòwò Ẹnuwa níwájú ààfin ti ń wá Má-mì wá sílé wa.

Ní oṣù kẹta 1953, òyìnbó kan tó ń ya àwòrán àga fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó dé sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn àlejò náà lò. Ìyá wa gúnyán fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Bàbá wa kò fi nǹkan kan pamọ́: wọ́n fi ìwọ̀n hàn wọ́n, wọ́n fi igi hàn wọ́n, wọ́n tilẹ̀ ní kí òyìnbó náà jókòó sínú iyanrìn. Ó fi ṣòkòtò funfun rẹ̀ jókòó, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé àwa ni wọ́n máa padà wá rín.

Ní 1954, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa yìí bẹ Bàbá wa níṣẹ́ ogójì Má-mì fún ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Bàbá ti gbé méjìlá wá nígbà tí ìwé àwòrán àga dé láti Èkó ní 1955. Má-mì ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, orúkọ òyìnbó náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé náà tún sọ pé òun ló fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ronú kan iyanrìn tútù. Iyanrìn Ìyá Yéjídé!

Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú, ránṣẹ́ pe Bàbá wa. Wọ́n ní ìjọ Ọlọ́run kò lè ra iṣẹ́ tí a jí wò. Bàbá wa ṣàlàyé títí, wọ́n dárúkọ àlejò, wọ́n dárúkọ oṣù.

"Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é, níbo lẹ kọ orúkọ yín sí lára rẹ̀?"

"Orúkọ bàbá mi ló gbẹ̀yìn tèmi. Ta ni kí n ní kó wá jókòó lé wọn lórí?"

Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé káfíńtà kò ní ẹ̀rí. Ọmọ bíbí Ifẹ̀ sì ni Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú. Kò sí àpótí ìjókòó kan nílé bàbá tiwọn náà tí a kọ orúkọ sí. Ohun tí wọ́n mọ̀ dájú ni wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé ìwé tí òyìnbó tẹ̀ ló wà níwájú wọn. Inú bí wa nígbà náà, inú ṣì ń bí wa.

Lọ́sàn-án gangan ni alágbàárù ru àga méjìlá padà gba Ẹnuwa kọjá, tí ọmọdé ń bèèrè ohun tí Bàbá wa jí. Ìgbìmọ̀ ra ogójì Má-mì láti Èkó dípò rẹ̀. Ọlátẹ́jú, àkọ́bí wọn, bá wọn kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Èsì tó dé ni pé inú àwọn dùn pé Bàbá fẹ́ràn àga àwọn, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fẹ́ rà ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá wa kò kan àga mọ́. Ilẹ̀kùn àti pósí nìkan ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò yé wá sí ìsìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn, lẹ́bàá ògiri, ni wọ́n ń dúró sí. Àwa rò pé ara ló ń dùn wọ́n. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin 1958 ni wọ́n jáde láyé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A ò bá dókítà jiyàn.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni: Ìyá wa Àníkẹ́, opó wọn, Ọlátẹ́jú, olùkọ́, Mojíre, tó ń ránṣọ, Àjàgbé, káfíńtà, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àbúrò wọn obìnrin kan ní Ìlódè.

Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, àga tí ẹ jókòó lé báyìí ni àwọn ogójì náà. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí opó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, ẹ má wá àyè fún wa. Lórí àga yìí ni wọ́n ti sọ Bàbá wa di olè, ìgbìmọ̀ kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ wọn padà. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á padà níwájú ìjọ, a ó jókòó.

Bàbá, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ Ifẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Àwa ọmọ yín ṣì wà lórí ìdúró.